Kí a tó máa gun òkè Ìdáàṣà fún fàájì

 

Ọ̀rọ̀ òkè la mú wá lónìí. Ẹ ti rí i pé àṣà tuntun kan ń tàn kálẹ̀ láàrin àwa tí a ń gbé etí òkun. Bí Sátidé bá ti pé, àwọn tí ariwo zémìjàn Kútọnú àti ooru Àjàṣẹ́ ti sú, wọn á kó àpò sínú ọkọ̀, ó di Ìdáàṣà. Ọ̀nà náà lé díẹ̀ ní 200 kìlómítà. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti dé. Wọn á jẹ iyán, wọn á sùn, afẹ́fẹ́ òkè á fẹ́ sí wọn lára. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú bá mọ́, wọn á gun òkè kan, wọn á ya fọ́tò lórí àpáta, wọn á sọ̀ kalẹ̀, wọn á ra wàgáṣì, ó di ilé.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Àwa náà ń lọ, a sì ń kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń dùn wá níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gun òkè wọ̀nyẹn ni kò mọ̀ pé inú ilé onílé ni àwọn ń rìn kọjá. Wọ́n rò pé àpáta lásán ni.

Kò yà wá lẹ́nu. Ẹ̀kọ́ ìtàn tí a kọ́ ní Faransé, tí àwa olùkọ́ náà sì ń fi kọ́ ọmọ, orúkọ àwọn ọba Àgbómẹ̀ ló kún inú rẹ̀: Àgájá, Gézò, Glèlè, Gbẹ̀hánzìn. Ọmọ tó bá fẹ́ yege ìdánwò gbọ́dọ̀ mọ̀ wọ́n lórí. Ẹni tó ń lé ènìyàn la kọ́, a kò kọ́ ẹni tí wọ́n ń lé. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí wọ́n ń lé náà ní ilé, ó ní ọba, ó ní oúnjẹ tó ń jẹ, ó ní òkè tó sá sí.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Dassa-Zoumé ni wọ́n kọ sí ojú máàpù àti sí ara pátákó ojú títì. «Zoumé» yẹn, èdè Fọ̀n ni, «inú igbó» ló túmọ̀ sí. Àwọn ọmọ ìlú fúnra wọn, Igbó Ìdáàṣà ni wọ́n ń pè é. Ìdí tí orúkọ Fọ̀n fi borí kò ṣòro láti mọ̀: ọ̀nà Àgbómẹ̀ ni àwọn Faransé gbà wọ̀lú, ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn tó wà lọ́hùn-ún ni wọ́n kọ sílẹ̀. Orúkọ tí aládùúgbò pe ni ó wá di orúkọ ìjọba.

Ìyẹn nìkan kọ́. Wọ́n tún ń pè é ní ìlú olókè mọ́kànlélógójì. Àwọn aláfẹ́ máa ń béèrè lọ́wọ́ amọ̀nà pé, «Ṣé lóòótọ́ ni pé 41 ni wọ́n? Ta ló kà wọ́n?» Ní ti àwa, a kò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni da ara rẹ̀ láàmú lórí kíkà. Ní agbègbè wa yìí, lọ́dọ̀ àwa àti lọ́dọ̀ àwọn Fọ̀n, 41 jẹ́ iye tí a fi ń sọ ohun tó pé, tó tún lé. Ẹni tó bá sọ pé òkè Ìdáàṣà jẹ́ mọ́kànlélógójì, ohun tó ń sọ ni pé òkè náà pọ̀ tó láti bo ènìyàn lójú ọ̀tá.

Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Bohicon, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, oko àgbàdo, oko ẹ̀pà, igi kajú. Lójijì ni àpáta á yọ, á dúró gàgàrà láàrin oko bí ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni wá. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sọ pé òkúta wọ̀nyí ti pẹ́ kọjá ohun tí ọkàn lè rò. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Òjò àti afẹ́fẹ́ ló kó ilẹ̀ rírọ̀ tó yí wọn ká lọ díẹ̀díẹ̀, tí èyí tó le fi ṣẹ́kù síta. Orí wọn rí rogodo, ẹ̀gbẹ́ wọn dá gbere, ẹsẹ̀ wọn kún fún àpáta ńláńlá tó ya lulẹ̀, tí ihò àti pàlàpálá wà láàrin wọn. Lórí wọn, ẹ máa rí kòtò tí omi òjò ń dúró sí. Ẹ rántí kòtò omi yẹn, a máa padà sí i.

Ta ló ń gbé ibẹ̀? Àwọn kan ti wà káàkiri orí òkè wọ̀nyí kí ọba tó dé, ìdílé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òkè tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn Ọmọjagun, ìdílé Jagun Ọlọ́fin, dé láti ìhà Ẹ̀gbá, tí wọ́n sì jọba lé gbogbo wọn. Ìdílé ọba náà ló wà níbẹ̀ títí di òní. Nítorí náà, bí ará Abẹ́òkúta bá dé Ìdáàṣà tó rí àpáta, tó ní ó jọ ìlú òun, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àwàdà. Ẹ̀gbá sá sí abẹ́ Olúmọ ní 1830. Àwọn ìbátan wọn ọ̀hún ti mọ ìlò àpáta ṣáájú ìgbà náà.

Ogun tó wá sọ òkè di ilé, láti Àgbómẹ̀ ló ti wá. Láti Àgbómẹ̀ sí Ìdáàṣà kò tó 100 kìlómítà. Nígbà tí Ọ̀yọ́ lágbára, Dàhòmì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin, ó sì ní ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè dé mọ. Gézò gorí ìtẹ́ ní 1818. Láàrin ọdún 1820 sí 1830 ló jáwọ́ nínú sísan ìṣákọ́lẹ̀ náà. Ọ̀yọ́ ń wó nígbà yẹn, kò lè ṣe nǹkan kan. Láti ìgbà náà, gbogbo àwa Yorùbá tó wà ní ìwọ̀ oòrùn di oko ọdẹ. Wọ́n pa Òkè-Ọ̀dàn run ní 1848. Wọ́n lọ bá Abẹ́òkúta ní 1851, wọ́n tún padà lọ ní 1864, méjèèjì ni Ẹ̀gbá lé wọn padà. Ṣábẹ náà rí ogun wọn, àpáta ńlá Ṣábẹ tí àwọn aláfẹ́ ń ya fọ́tò rẹ̀ lónìí sì ni àwọn ènìyàn gùn lọ.

Ẹ wo Kétu kí ẹ lè mọ ohun tí òkè ń ṣe. Kétu kò ní òkè. Ohun tó ní ni odi, yàrà jíjìn tó yí odi ká, àti ẹnu bodè tó le, Àkábà Ìdẹ̀nà, tó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Odi yẹn dára, ó sì gbà wọ́n sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú odi kò ní ibòmíràn tó lè sá gbà. Ní 1883 ogun Glèlè dé nígbà tí àwọn ọmọ ogun Kétu kò sí nílé, Aláké­tu Òjẹkú kú nínú rẹ̀. Ní 1886 wọ́n tún padà wá, wọ́n dó ti ìlú náà títí ó fi bọ́, wọ́n jó o, wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ sí Àgbómẹ̀. Kétu dá pátápátá, kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ títí di 1894 tí àwọn tó ṣẹ́kù padà wálé.

Lórí òkè, nǹkan yàtọ̀. Ẹni tó wà lókè ń rí eruku ogun láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀nà tó gun òkè tóóró, ènìyàn kan kan ló ń gbà á kọjá, kò sí bí ẹgbẹ́ ogun ṣe lè tò síbẹ̀ kí wọ́n jọ yìnbọn. Ìbọn ìgbà yẹn, wọ́n ní láti dúró ki ẹ̀tù sí i lẹ́yìn ìró kọ̀ọ̀kan; ẹni tó wà lókè kò nílò ju kí ó yí òkúta sílẹ̀. Bí wọ́n bá gba òkè kan, ìdílé lè gba ẹ̀yìn bọ́ sí òmíràn lóru. Nítorí náà ni òkè púpọ̀ ṣe sàn ju òkè gíga kan ṣoṣo lọ.

Kí ẹ má rò pé òkè dùn ún gbé o. Ogun Dàhòmì, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń jáde, nígbà tí ọ̀nà ti gbẹ, tí odò ti fà, tí ènìyàn sì ti kórè. Àkókò yẹn gan-an ni kòtò omi tí a ní kí ẹ rántí máa ń gbẹ. Ẹni tó wà lókè ní òkúta, ó ní ojú, ṣùgbọ́n òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́, orísun omi sì wà nísàlẹ̀ níbi tí ọ̀tá wà. Bí ẹ bá gun òkè ní oṣù kejì, tí ẹ ti mu ìgò omi kan tán kí ẹ tó dé ìdajì, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ ro ti ìyá tó gbé ọmọ méjì gun ibẹ̀, tí kò mọ ọjọ́ tí yóò sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ni kò tètè dé òkè. Nínú àwọn tí Dàhòmì kó ní ìlẹ̀ Yorùbá ìwọ̀ oòrùn, ọ̀kan sọ ìtàn rẹ̀ fún ayé gbọ́. Kossola ni orúkọ rẹ̀, ní Amẹ́ríkà wọ́n ń pè é ní Cudjo Lewis. Ní 1860 ni ọmọ ogun Dàhòmì ya wọ ìlú rẹ̀ ní ìdájí. Wọ́n mú un lọ sí Ouidah, wọ́n kó òun àti àwọn mìíràn tó lé ní 100 sínú ọkọ̀ Clotilda lọ sí Alabama, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka irú òwò bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Ó wà láyé títí di 1935. Zora Neale Hurston jókòó tì í, ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì tẹ ìwé náà jáde ní 2018. Sylviane Diouf, tó ṣe ìwádìí lórí àwọn ará ọkọ̀ náà, gbà pé ọmọ Ìṣà ni, láti ìhà Bantè. Bantè wà ní ẹkùn Collines kan náà pẹ̀lú Ìdáàṣà. Ẹ lè fi ọkọ̀ dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan náà tí ẹ bá jẹun ní Sàvàlú.

Ohun kan tún wà tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìtàn Àgbómẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ pé láti Ìdáàṣà ni wọ́n ti mú Sakpata wá, òrìṣà ilẹ̀ gbígbóná tí àwa ń pè ní Ṣànpọ̀nná, nígbà ayé Àgájá. Nàná Bùkúù náà, Ìdáàṣà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ojúbọ rẹ̀ tó lókìkí jù. Ẹni tó ń fi ogun halẹ̀ mọ́ ará òkè ló tún ń bọ òrìṣà ará òkè.

Àwọn Faransé wọ Àgbómẹ̀ ní oṣù kọkànlá 1892, Gbẹ̀hánzìn sì fi ara rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ ní 1894. Ogun tán. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ìjọba tuntun náà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà lórí òkè: a kì í rí ẹni tó wà lórí àpáta gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú irin kọjá Ìdáàṣà lọ sí Ṣábẹ kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó sì dé Parakou ní àwọn ọdún 1930. Ta ló ń ṣiṣẹ́ ọ̀nà, ta ló ń ru ẹrù? Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ náà ni. Iṣẹ́ tipátipá kò dópin lábẹ́ òfin títí di 1946. Ojú irin yẹn ti dákẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n ìlú ti kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, ní oríta tí ọ̀nà Parakou àti ọ̀nà Sàvàlú ti pínyà.

Láti 1954 sì ni àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì ti ń rin ìrìn àjò lọ sí Àrígbó lọ́dọọdún, nínú oṣù kẹjọ, lábẹ́ àpáta. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń dé láti Tógò, láti Nàìjíríà, láti gbogbo Benin. Ẹ má bá wọn dé ní ọjọ́ yẹn bí ẹ bá fẹ́ sinmi. Ẹ kò ní rí ibi sùn.

Ẹni tó bá wá fẹ́ gun òkè lónìí, kí ó tètè jí. Aago mẹ́fà àárọ̀ dára, kí àpáta tó gbóná. Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú ni kí ó wọ̀, sálúbàtà kò dára lórí òkúta tí ìrì ti sẹ̀ sí. Kí ó wá ọmọ ìlú tí yóò mú un lọ, kí ó sì kí àwọn àgbà ibẹ̀ kí ó tó gbéra, nítorí òkè kan wà tí a ń gùn, òmíràn wà tí a kì í gùn láìgbàṣẹ: ojúbọ wà níbẹ̀, ibojì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ojú ọlọ tó jin lórí àpáta, ẹ má tẹ̀ ẹ́ kọjá bí ẹni tí kò rí nǹkan. Obìnrin kan ló kúnlẹ̀ síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó ń lọ ọkà fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ebi á ti pa yín, iyán ló kù. Lára pátákó àwọn màkí, «agoun» ni wọ́n ń kọ, bí àwọn Fọ̀n ṣe ń pè é, ṣùgbọ́n ẹ béèrè fún iyán, inú ìyá olóúnjẹ á dùn. Ẹ máa gbọ́ ìró odó kí ẹ tó rí i, obìnrin méjì tàbí mẹ́ta lórí odó kan, ọmọ odó ń lọ ọmọ odó ń bọ̀, kò sí ìkankan tó kan èkejì. Iṣu làbókò ni ẹ wá. Òun ló ń tètè jáde, láti oṣù keje sí oṣù kẹjọ, iyán rẹ̀ funfun, ó fà, kò ní kókó. Ọbẹ̀ ègúsí tàbí ọbẹ̀ ẹ̀pà ló bá a lọ, pẹ̀lú wàgáṣì, wàrà àwọn ìyá Fúlàní, tí wọ́n fi pòròpórò ọkà bàbà pa láró pupa kí ó má bàa tètè bàjẹ́. Dídín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ ẹ. Ní ti àwa, èyí tí wọ́n sè sínú ọbẹ̀ títí tó fi mu ata ló dára jù, a kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn.

Iṣu kejì wà tí àwọn aláfẹ́ kì í béèrè, kókóró. Ó kéré, ó le, kò dára fún iyán. Wọ́n ń bó o, wọ́n ń bọ̀ ọ́, wọ́n ń sá a gbẹ, wọ́n á gún un di èlùbọ́, òun ni àmàlà tí wọ́n ń kọ «télibo» sí ara pátákó fún. Gbígbẹ yìí á pẹ́ títí di ọdún tó ń bọ̀ láìbàjẹ́. Àwa rò pé òun gan-an ni oúnjẹ òkè. Iṣu tútù wúwo láti rù gun àpáta, ó sì ń jẹrà. Èyí tó gbẹ fúyẹ́, ó wà nínú apẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ ìró ìbọn lè gbé e lórí kan, gbé ọmọ sẹ́yìn, kí ó sì máa lọ. Ìyẹn ni a ṣe ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n jẹ iyán tán, kí wọ́n tún tọ́ àmàlà wò.

Àwọn ará wa ní Tógò á sọ pé a ti gbàgbé àwọn. A ò gbàgbé yín. Atakpamé náà, orí òkè ló wà, Ifẹ̀ ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ń pe ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ìwé ń pè wọ́n ní Ana. Ogun Dàhòmì dé ọ̀dọ̀ wọn pẹ̀lú, òkè náà ni wọ́n fi ṣe ààbò. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ lè yà sí Kamina nítòsí, níbi tí àwọn Jámánì kọ́ ẹ̀rọ aláìlókùn ńlá sí láti bá Berlin sọ̀rọ̀. Wọ́n fọ́ ọ fúnra wọn ní oṣù kẹjọ 1914, kí ó má bàa bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ẹ̀yin ọmọ Ifẹ̀ lẹ mọ ìyókù, ẹ bá wa kọ ọ́.

Iṣẹ́ kan wà nílẹ̀. Òkè kọ̀ọ̀kan ní Ìdáàṣà àti ní Ṣábẹ ló ní orúkọ, máàpù Faransé kò sì ní ju díẹ̀ nínú wọn lọ. Àwọn tó mọ ìyókù ti dàgbà. Ní ẹkùn Collines yìí kan náà, wọ́n ń fọ́ òkúta fún ilé àti fún ọ̀nà, ènìyàn sì nílò ilé, a kò lè ní kí wọ́n má fọ́. Ṣùgbọ́n òkè tí kò ní orúkọ ló rọrùn jù láti fọ́. Bí ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà yín bá ṣì wà, ẹ gbé fóònù sí wájú wọn lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ òkè tí ìdílé yín gbé, ibi tí wọ́n ti ń pọn omi, àti ọ̀nà tí wọ́n gbà sọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n bá fi èdè Ìdáàṣà sọ ọ́, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ má yí i sí Yorùbá Ọ̀yọ́, ẹ má yí i sí Faransé.